Ludwig Guttmann, Oníṣègùn Àwọn tí Ẹ̀yìn Wọn Kán

Ọ̀rọ̀ oníṣègùn kan ni mo gbé wá bá yín lónìí, ọkùnrin tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Jámánì, tí ó di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ilé lé e tí ọ̀nà sì gbà á, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì kan gbogbo agboolé tí ọkọ̀ ti gbókìtì pẹ̀lú ọmọ wọn, tàbí tí adẹ́mu wọn ti já lulẹ̀ láti orí ọ̀pẹ tí kò sì lè dìde mọ́. Ludwig Guttmann ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti gbọ́ orúkọ náà rí a máa sọ pé òun ni ó dá eré ìdíje àwọn akanda ẹ̀dá sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Paralympics, òtítọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ní tèmi, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní òru, nígbà tí kò sí òǹwòran tí yóò pàtẹ́wọ́, tí ó ń ti ìdí bẹ́ẹ̀dì kan bọ́ sí ìdí òmíràn láti mọ̀ bóyá wọ́n ti yí aláìsàn ní ẹ̀gbẹ́ padà, ni mo kà sí iṣẹ́ ńlá ayé rẹ̀, nídìí rẹ̀ ni n ó sì pẹ́ jù.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ irú àrùn tí ó dojú kọ. Ẹlẹ́dàá fi okùn mùdùnmúdùn kan sínú ihò eegun ẹ̀yìn wa, láti ìpìlẹ̀ ọpọlọ títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, okùn yìí ni ó sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀, òun náà ni ó ń gbé ìròyìn ìrora, ti otútù àti ti ooru padà wá. Bí eegun ẹ̀yìn bá kán tí ó sì já okùn náà, gbogbo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ibi tí ó já kò ní gbọ́ àṣẹ mọ́, kò sì ní mú ìròyìn wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni okùn yìí kì í so padà. Àwọn oníṣègùn Íjíbítì àtijọ́ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan, láti nǹkan bí 3,600 ọdún sẹ́yìn, pé ẹni tí eegun ọrùn rẹ̀ bá yẹ̀ tí kò sì mọ̀ pé òun ní ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ mọ́, àrùn tí a kì í wò ni. Láti ìgbà náà títí di ogun àgbáyé kìn-ín-ní, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Sójà tí ọta bá bà ní eegun ẹ̀yìn, wọn a fún un ní oògùn ìrora, wọn a gbé e sí igun wọ́ọ̀dù, wọn a sì máa retí ọjọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 1899 ni wọ́n bí Guttmann ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Tost, ní àgbègbè Silesia, tí ó jẹ́ ti Jámánì nígbà náà ṣùgbọ́n tí ó ti di ti Pólándì lónìí. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Ìlú àwọn awakùsà èédú, Königshütte, ni ó ti dàgbà, ibẹ̀ ni ó sì ti lọ ń ran àwọn oníṣègùn lọ́wọ́ ní ọsibítù àwọn awakùsà ní ọdún 1917. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin awakùsà kan wọlé, ọkùnrin taakuntaakun, tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán. Guttmann mú kálámù láti kọ bí àrùn náà ti rí, oníṣègùn àgbà sì sọ fún un pé kí ó má ṣe ara rẹ̀ ní wàhálà, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ọkùnrin náà yóò kú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó sì fi kú. Ohun tí ó pa á kì í ṣe eegun tí ó kán: egbò ni, àti ìtọ̀ tí ó di májèlé nínú ara rẹ̀. Guttmann sọ ìtàn yìí títí ó fi darúgbó, kò sì ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ti rí i pé ohun tí ó ṣe é dá dúró ni ó pa ọmọ ènìyàn, kò lè sùn dáadáa mọ́.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Breslau àti ní Freiburg, ó gba oyè dókítà ní ọdún 1924, ó sì lọ jókòó sí ẹsẹ̀ Otfrid Foerster ní Breslau, ẹni tí ó jẹ́ àgbà láàárín àwọn onímọ̀ ọpọlọ àti iṣan ní gbogbo Yúróòpù. Nígbà tí Hitler gorí oyè ní ọdún 1933, wọ́n lé àwọn oníṣègùn Júù kúrò ní ọsibítù ìjọba, Guttmann sì lọ sí ọsibítù àwọn Júù ní Breslau, ó sì di olórí rẹ̀ ní ọdún 1937. Ìyà tí ó jẹ níbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n òru kan wà tí n kò lè fò kọjá, èyíinì ni òru ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1938, nígbà tí wọ́n dáná sun ilé ìjọsìn àwọn Júù jákèjádò Jámánì, tí wọ́n sì ń kó àwọn ọkùnrin wọn lọ sí àgọ́ ìyà. Guttmann pàṣẹ pé ọkùnrin yòówù tí ó bá kan ilẹ̀kùn ọsibítù lóru náà, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n má bi í ní ohun kankan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọlọ́pàá àṣírí Hitler dé, wọ́n ní kí ó wá ṣàlàyé bí ènìyàn 64 ti ṣàìsàn ní òru kan ṣoṣo. Ó mú wọn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ó ń dá àrùn ńláńlá sọ mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí. Bí ó bá sì ti bọ́ sẹ́yìn àwọn ọlọ́pàá náà, a fún ojú pọ̀, a yí ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹni tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lè rí i kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn 64 náà, 60 ni ó bọ́. Ẹni tí ó bá bi mí léèrè ibi tí ọkùnrin yìí ti rí àyà tí ó fi dúró níwájú ikú nígbẹ̀yìn, òru yẹn ni n ó tọ́ka sí.

Nígbà tí ó yá, ìjọba Hitler fúnra rẹ̀ rán an lọ sí Lisbon láti lọ wo ọ̀rẹ́ Salazar, alákòóso ilẹ̀ Potogí, bí ó sì ti ń padà bọ̀ ó gba Lọ́ńdọ́ọ̀nù kọjá, níbi tí ẹgbẹ́ kan tí ń dáàbò bo àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń lé kiri ti bá a tọ́ ọ̀nà àti kó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹta ọdún 1939 ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì gúnlẹ̀. Ó ṣe ìwádìí ní Oxford fún ọdún bí mélòó kan, títí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1943, fi ń múra láti kó ọmọ ogun kọjá sí ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn tí ẹ̀yìn wọn yóò kán kò ní kéré. Wọ́n ní kí Guttmann wá ṣe olórí ibi ìtọ́jú tuntun kan ní Stoke Mandeville, lẹ́bàá ìlú Aylesbury. Ẹnì kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè mẹ́nu kúrò, ó bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ aláìnírètí bẹ́ẹ̀ ṣe. Guttmann ní òun yóò gbà á, ṣùgbọ́n òun kò ní fara mọ́ kí ẹlòmíràn máa pàṣẹ lé òun lórí níbẹ̀. Àwọn àgbà wa ní kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, kálukú á ṣe ọdẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n gbà fún un, wọ́n sì ṣí ibẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 1944.

Ohun tí ó bá níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnu ń sọ tán. Ara tí kò mọ ìrora kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó yí padà. Ìwọ àti èmi, bí a bá sùn, a ó yí sí ọ̀tún, a ó yí sí òsì, láìjí, nítorí ara ń pe ara. Ṣùgbọ́n ẹni tí okùn ẹ̀yìn rẹ̀ já yóò dùbúlẹ̀ sí ojú kan, eegun ìdí àti ti gìgísẹ̀ yóò tẹ ẹran mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá, ẹran náà yóò kú, yóò dúdú, yóò sì ya, títí ojú eegun yóò fi hàn síta, tí idọ̀tí yóò sì bá ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bákan náà ni àpò ìtọ̀ tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́ yóò kún, àrùn yóò ti ibẹ̀ gòkè lọ sí kíndìnrín. Àwọn oníṣègùn a máa gbé ojú wọn sí eegun tí ó kán, wọn a di aláìsàn mọ́ inú ohun líle bí òkúta kí eegun náà má bàa mì, egbò yóò sì máa jẹ ẹ́ lábẹ́ ibẹ̀ láìsí ẹni tí ó rí i. A ti ń bá ẹni tí ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá wí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ní ìdí àrùn yìí, làpálàpá gan-an ni ó ń pa ènìyàn.

Guttmann tú ohun líle wọ̀nyẹn kúrò lára wọn. Ó ní kí wọ́n yí aláìsàn kọ̀ọ̀kan padà ní wákàtí méjì-méjì, ọ̀sán àti òru, ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ ọdún, kí wọ́n fi ìrọ̀rí tì í níbi tí eegun ti yọ, kí wọ́n wò ó ní awọ ara níbi gbogbo. Ó ní kí wọ́n máa fi rọ́bà mímọ́ fa ìtọ̀ jáde ní àkókò-ní-àkókò, láì jẹ́ kí ọwọ́ kan ibi tí yóò wọ inú ara, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ kí àwọn tí ó kù tó mọ̀ ọ́n ṣe. Lóru, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá rò pé dókítà àgbà ti sùn, wọn a rí i ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó le koko. Ìbínú rẹ̀ sì yá, àwọn mìíràn nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì sunkún nítorí rẹ̀, n kò sì ní tìtorí pé ó ti kú kí n fi ìyẹn pamọ́. Síbẹ̀ Poppa ni àwọn aláìsàn rẹ̀ ń pè é, bí ọmọ ti í pe bàbá. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni wọ́n bí i sí, àwọn akéwì ìbá ti máa kì í ní Ajílóru-wo-aláìsàn, Agbégi-dínà-ikú, ọkùnrin tí ikú bá lẹ́nu ọ̀nà tí kò jẹ́ kó wọlé.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé wíwà láàyè nìkan kò tó o. Nígbà tí egbò jinná, tí ibà lọ, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí ojú, wọ́n rí i pé àwọn kò kú, wọn kò sì mọ ohun tí àwọn yóò fi ẹ̀mí náà ṣe. Níbí ni ẹ̀ka ìṣègùn tí Guttmann jẹ́ olórí rẹ̀ ti yàtọ̀ sí òmíràn: oníṣègùn ibà a máa wo ibà sàn, yóò sì kí ọ pé ó dàbọ̀, ṣùgbọ́n oníṣègùn tí ń dá ènìyàn padà sí ipò rẹ̀ láwùjọ kò lè ká ọwọ́ kò títí ẹni náà yóò fi ní ibi tí yóò jí lọ láàárọ̀. Guttmann ní kí wọ́n máa kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, kí wọ́n máa kọ́ títún aago ṣe, kí wọ́n máa kọ́ ìwé títẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n padà di ẹni tí ń san owó orí. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ronú bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nítorí ní Amẹ́ríkà, Howard Rusk ń ṣe irú rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun òfuurufú tí ó gbọgbẹ́, kí ó tó lọ kọ́ ilé iṣẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀ sí Niu Yọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n eré ìdárayá ni Guttmann fi kọjá gbogbo wọn. Ó rí àwọn aláìsàn rẹ̀ lórí àga onítáyà, tí wọ́n ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ gbá nǹkan kiri nílẹ̀ láàárín ara wọn pẹ̀lú ariwo àti ẹ̀rín, ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un pé oògùn kan nìyí tí òun kò tí ì kọ sínú ìwé. Ọfà títa ni ó fẹ́ràn jù nínú gbogbo eré náà. Ọfà a máa mú apá àti èjìká le, a sì máa kọ́ ara láti jókòó ṣánṣán láìwó. Ó sì tún fẹ́ ẹ nítorí pé ẹni tí ó jókòó lórí àga onítáyà lè bá ẹni tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì figa gbága nídìí ọrun, kí ó sì borí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1948, lọ́jọ́ náà gan-an tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí eré Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ènìyàn 16 péjọ sórí koríko Stoke Mandeville láti ta ọfà, ọkùnrin 14 àti obìnrin méjì, gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ológun, gbogbo wọn sì wà lórí àga onítáyà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Guttmann sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí eré yìí yóò di Òlíḿpíìkì fún àwọn akanda ẹ̀dá. Ní ọdún 1952 àwọn ará Nẹ́dálándì dé. Ní ọdún 1960, nǹkan bí 400 ènìyàn ni ó péjọ sí Róòmù, Póòpù John kẹtàlélógún sì kí Guttmann káàbọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n fi wọ̀ sí ní Róòmù, orí òpó ni wọ́n kọ́ ọ sí, àtẹ̀gùn nìkan ni wọ́n sì fi ń gun un, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé àwọn sójà Ítálì ní láti máa gbé wọn gòkè kí wọ́n sì máa gbé wọn sọ̀kalẹ̀. Ọba Gẹ̀ẹ́sì obìnrin fi oyè dá Guttmann lọ́lá ní ọdún 1966, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó ga jù ní ilẹ̀ náà gbà á wọlé ní ọdún 1976, ó sì papò dà ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1980, lẹ́ni 80 ọdún.

Ní àsìkò kan náà tí Guttmann ń yí aláìsàn padà lóru, àwọn ọmọ wa wà ní ogun Bọ́mà, àwọn tí wọ́n fi ara gbọgbẹ́ nínú wọn sì nílò ibi tí wọn yóò ti tún ara wọn ṣe. Igbóbì ní Èkó ni wọ́n kó wọn lọ. Láti inú àgọ́ ìtọ́jú àwọn sójà yẹn ni ọsibítù eegun Igbóbì ti hù jáde ní ọdún 1945, ibẹ̀ ni a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ní ilẹ̀ wa. Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí eré Paralympics ní Barcelona ní ọdún 1992, ọmọ wa Folashade Oluwafemiayo sì gbé irin ní Paris ní ọdún 2024, ó sì gba wúrà, gẹ́gẹ́ bí ó ti gbà á ní Tokyo ṣáájú.

Ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn tán bí mo bá rántí àwọn tí kò dé Igbóbì. Bí ọ̀kadà bá kọlu ọkọ̀ ní òpópó, àwa tí a sáré dé ibẹ̀, pẹ̀lú àánú tí kò ní ẹ̀tàn, a ó gbé ẹni tí ó ṣubú ní apá àti ní ẹsẹ̀, a ó ká a kò bí aṣọ, a ó sì jù ú sẹ́yìn ọkọ̀. Eegun tí ó sán lásán nígbà tí ó ṣubú, àwa ni a ó fi já okùn tí ó wà nínú rẹ̀. Mo bẹ yín, bí ẹni tí ó ṣubú bá ń mí, tí kò sí iná tàbí ewu mìíràn nítòsí, ẹ má gbé e títí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe yóò fi dé. Bí ẹ kò bá sì lè ṣàìgbé e, ẹ wá pákó tàbí ilẹ̀kùn, kí ènìyàn kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú ṣinṣin, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà ní ìlà kan, kí ẹ yí i sórí pákó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ìyàwó tí iṣẹ́ náà já lé léjìká, mo mọ̀ pé ó rẹ̀ yín. Ẹ máa yí i padà. Bí ẹ bá rí ojú kan tí ó pọ́n lára rẹ̀ tí kò sì lọ, ẹ má jẹ́ kí ó tún sùn lé e, kí ẹ sì gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó ya, nítorí igi tí a bá fojú rénà ni í gún ni lójú.

Òfin wà ní orílẹ̀-èdè wa láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, tí ó ní kí gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò ní ọ̀nà tí akanda ẹ̀dá lè gbà wọlé, ó sì fún àwọn onílé ní ọdún márùn-ún láti ṣe é. Ọdún márùn-ún náà ti pé. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin lèmọ́mù tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe bíríkìlà wá sí ẹnu ọ̀nà yín lọ́la, kí ó fi símẹ́ńtì tẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, kí ó fẹ̀ tó àga onítáyà, kí ó má sì ga jù tí ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà yóò fi máa wá ẹni tí yóò tì í.